Àìsàn Ọpọlọ: Ẹ̀bi Ta Ni?

  

Àwọn àgbà a máa sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tú àṣírí wa. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀rín ni; bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa, ìtìjú ni. Bí ibà bá dá ẹnìkan dùbúlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, a ó kó ara wa jọ lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí orí rẹ̀ bá dàrú, ẹjọ́ ni a ó máa dá: Ṣé kì í kírun ni? Ṣé igbó ni, àbí èpè? Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: bí àìsàn ọpọlọ bá kọlu Mùsùlùmí, ẹ̀bi ta ni?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní schizophrenia. Ẹni tí ó bá mú a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a sì máa rò pé wọ́n ń lépa òun. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ yẹ ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibi 287 tí ó lọ́wọ́ nínú àrùn yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dá tó láti ya ènìyàn ní wèrè. Àwọn ìbejì tí wọ́n jọra délẹ̀ tún jẹ́rìí sí i. Bí àrùn náà bá mú Táíwò, ewu Kẹ́hìndé pọ̀ gan-an ju ti ará yòókù lọ. Síbẹ̀ ó ju ìdajì ìgbà lọ tí Kẹ́hìndé kì í ní in. Àjogúnbá wà níbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn ń dá kún un: ìṣòro nígbà ìbí, ìyà ìgbà èwe, àti igbó mímu. Igbó léwu, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí àrùn yìí mú kò fọwọ́ kan igbó rí. Ta ni nínú wa ló yan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi bí i?

Ẹ̀sìn wa kò tako èyí. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, obìnrin kan tí wárápá ń ṣe wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì kò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Ó fún un ní yíyàn: kí ó ṣe sùúrù kí ó sì gba Àlùjánà, tàbí kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Obìnrin náà yan sùúrù. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ara òun má ṣe máa tú síta nígbà tí ó bá gbé òun, Ànábì sì ṣe àdúrà náà fún un. Hádíìsì mìíràn sọ pé a ti gbé kálámù kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó sùn, ọmọdé, àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹni tí Ọlọ́hun kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn, ta ni àwa tí a ó kọ ọ́ sí i lọ́rùn?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, àlùjọ̀nnú ńkọ́? Àwa kò sẹ́ wọn, nítorí Àlùkùránì sọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n gbígbà pé wọ́n wà yàtọ̀ sí pípe gbogbo àìsàn ní iṣẹ́ wọn. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní 934, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ti ọkàn. Ó ya ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì ní inú ara ni èyí kejì ti ń wá.

Ní ti ìtọ́jú, Ànábì ti kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ní 1954, ní Àrò l'Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí aláìsàn fi ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 307 ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn tí ń fi àdúrà wòsàn. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti bá àwọn wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. A kò ní láti yan ọ̀kan nínú àdúrà àti oògùn. Ẹni tí Ànábì ní kí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun, ṣé ó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ nítorí okùn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí: a ti gbé kálámù kúrò lórí aláìsàn, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àwa tí orí wa pé. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí àìsàn ọpọlọ wọn le, nǹkan bí 8 péré ló rí ìtọ́jú gbà láàárín ọdún kan. Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch jábọ̀ pé wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n de àwọn aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ibùdó ní orílẹ̀-èdè yìí, ti àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ igi, tí kò lè ṣe àlùwàlá, tí ebi ń pa, Ọlọ́hun kò ní bi í léèrè ìrun rẹ̀. Ẹni tí ó dè é ni yóò dáhùn, àti àwa tí a rí i tí a dákẹ́. Ní January 2023 Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, láti rọ́pò òfin wèrè ti ayé amúnisìn. Òfin ti yí padà. Ó ku ọkàn wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí arákùnrin wa kò bá wá sí àsàlátù mọ́, tí kì í sùn, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ bá a lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì máa ka Àlùkùránì sí i létí. Bí ó bá ń lo oògùn, ẹ má ṣe ní kí ó jù ú nù nítorí Ràmàdáánì. Ẹ ní kí ó bi dókítà bóyá wọ́n lè yí àsìkò lílò rẹ̀ padà. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti yọ̀ǹda fún aláìsàn kí ó má gbààwẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ má ṣe fi orúkọ àìsàn pè é títí ayé.

Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó sì jẹ́ kí kálámù tí ó wà lórí wa máa kọ rere. Àmín.