Ọdẹ Tàbí Àlejò? Lórí Pípadà Tọ Ẹni Tí A Bá Pàdé Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìbéèrè kan ń jà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tí wọ́n dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu. Wọn a lọ sí ibi ìpàtẹ ọjà tàbí ìpàdé àwọn oníṣòwò, wọn a bá ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún sọ̀rọ̀, wọn a gba nọ́ńbà, wọn a gba káàdì. Ìgbà tí wọ́n bá padà délé ni ìyọnu a tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí n tún kọ̀wé sí ẹni yìí? Bí mo bá kí i, ṣé òun ni mo ń kí, àbí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn tó ń kọ́ni ní òwò yóò dáhùn pé kò sí ìbéèrè níbẹ̀: ẹni tí kò bá padà tọ oníbàárà lọ, ẹlòmíràn yóò gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà ilé kan yóò sì ní ìtìjú ni, pé ọmọlúàbí kì í rọ̀ mọ́ ẹni tí kò pè é. Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì kò tíì dé ìdí ọ̀ràn náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí à ń lò. Àwa tí à ń sọ Yorùbá, tí a sì ń kàwé ní èdè Faransé, ní àǹfààní kan níhìn-ín. Èdè Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì tó kan ọ̀ràn yìí, wọn kò sì bára mu. Èkínní ni relancer, èyí tí àwọn oníṣòwò ń lò fún kíkọ̀wé sí ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọdẹ náà ń lò ó: lẹ́nu tiwọn, ó jẹ́ títún lé ẹran tó ti sá pamọ́ jáde kí ajá lè máa lé e lọ. Èkejì ni carte de visite, orúkọ káàdì pélébé tí à ń fún ara wa. Visite ni ìbẹ̀wò. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ẹni tó bá lọ kí ènìyàn tí kò bá a nílé a fi káàdì sílẹ̀, kí onílé lè mọ̀ pé òun wá. Ọ̀nà méjì ló wà, nígbà náà, láti padà tọ ènìyàn lọ: bí ọdẹ, tàbí bí àlejò. Ìbéèrè tó yẹ kí á bi ara wa ni irú ẹni tí a ó jẹ́ nígbà tí a bá dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ìyá wa kò ní ìṣòro yìí, kì í sì í ṣe pé ìwà wọn dára ju tiwa lọ. Ọjà ló ń bá wọn ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá ń yípo, èyí tí ìṣirò àwọn baba wa, tó ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ń pè ní ọrún. Àwọn mìíràn a máa ná ní ìsán, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tó ra iyọ̀ lónìí yóò tún kọjá níwájú igbá náà ní ọrún. Olùtajà tó bu ẹ̀ènì sí i mọ̀ pé òun yóò tún rí i. Ẹni tó ra àwìn mọ̀ pé ojú yóò tún ko ojú. Káàdì àti fóònù ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ènìyàn méjì lè pàdé ní Lomé lówùúrọ̀, kí wọ́n tú ká, kí wọ́n má sì fojú kanra mọ́ láéláé. Ohun tí ọjà ń ṣe fún wa tẹ́lẹ̀, àwa fúnra wa ló kù tí a ó máa ṣe é. Ẹni tó padà kọ̀wé ń ṣe iṣẹ́ ọrún ni.

Òfin kò lè ṣe é fún wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010, ní Lomé, àwọn orílẹ̀-èdè OHADA tún òfin òwò wọn ṣe, wọ́n sì dá ipò kan sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré, tí wọ́n pè ní entreprenant: kí ó ṣáà ti kéde iṣẹ́ rẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n òfin tó lè sọ ènìyàn di oníṣòwò kò lè sọ àjèjì di oníbàárà rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé àlejò tó wá nítorí èrè, ọdẹ tó wọ agbádá ni. Àtakò yìí lágbára. Sàn-án là ń rìn, ajé ní í mú ni pá kọ́rọ́: àwọn baba wa mọ bí ajé ṣe lè tẹ ìrìn ènìyàn. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń kí ẹni tó pàtẹ: ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ajé wà nínú ìkíni náà ní gbangba, kò sì bà á jẹ́. Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, kọ ọ́ ní ọdún 1785 pé kí á má ṣe lo ènìyàn bí ohun èlò lásán. Ọ̀pọ̀ tó ń rántí ọ̀rọ̀ yìí ń gbàgbé "lásán" tó wà níbẹ̀. Télọ̀ ń jẹ lára ẹni tó gbé aṣọ wá, ẹni náà sì ń rí aṣọ wọ̀. Kò sí ẹ̀gàn nínú ìyẹn. Ẹ̀gàn a bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a kò bá rí nǹkan mìíràn lára ẹnìkejì ju owó lọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé àlejò ni wá? Àlejò a máa sọ ohun tó bá wá. Ẹni tó kọ "mo ní kí n kàn kí yín ni" fún oṣù mẹ́ta, tó wá béèrè iṣẹ́ ní oṣù kẹrin, ti sọ ìkíni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹ̀tàn. Ó sàn kí ó wí ní ọjọ́ kìíní pé: ibi báyìí ni a ti pàdé, ohun báyìí ni ẹ sọ, ohun tí mò ń wá nìyí. Àlejò tó mọyì onílé kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Iye owó tó ṣèlérí láti fi ránṣẹ́, orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹnìkejì ní òun ń wá, ìwọ̀nyí ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀bẹ̀. Àwọn ni ẹ̀ènì òwò òde òní. Lákòótán, àlejò a máa kan ilẹ̀kùn, kì í fọ́ ọ. Bí ó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì tí kò gbọ́ ohùn, kí ó máa lọ láìbínú.

Ọ̀rọ̀ kan onílé náà. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀dọ́, tó ní "kọ̀wé sí mi", tí kò sì dáhùn mọ́, kò ṣe dáadáa. Ọ̀dọ́ náà lè ti fi owó àjọ tó kó ra ohun èlò nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. "Kò ṣeé ṣe" jẹ́ ìdáhùn tó níyì: ó ń tú ẹni tó ń dúró sílẹ̀ kí ó lè gba ibòmíràn, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, a sì fi 01 ṣíwájú gbogbo wọn. Ẹni tó fi ọwọ́ tún ìwé orúkọ rẹ̀ ṣe nígbà náà ní láti pinnu lórí olúkúlùkù: ta ni n ó fi 01 sí, ta ni n ó pa rẹ́? Oníbàárà tó ṣì ń rà lọ́wọ́ wa, kò sí àníàní, a fi sí tirẹ̀. Ẹni tó ra ọjà wa àkọ́kọ́ ńkọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wá, tó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí? Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́; àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ọdẹ kì í padà sí igbó tí ẹran ti tán níbẹ̀. Àlejò a máa padà sí ilé tó ti gbà á rí.

Òótọ́ ni pé ènìyàn kan kò lè bẹ igba ènìyàn wò. Nítorí náà, kí á tó na ọwọ́ gba káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí á bi ara wa bóyá a ó lè lọ kí i kí ọrún tó pé. Bí a kò bá lè ṣe é, kí á kí i dáadáa níbẹ̀, kí á sì jẹ́ kí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.