Ta Ló Ru Ẹrù Ọtí?

Ẹni tó bá wọ báà hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, iwájú ló máa ń rí: àga, orin, iná tó ń tàn yòò, agbọ́tí tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ògiri ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀ ni wọ́n ń to kéréètì lé ara wọn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, òfìfo ìgò lápá kan, fíríìsà lápá kejì. Ẹni tó ń ṣọ́ sítóò a fa ọtí tó ti pẹ́ síwájú, a gbé tuntun sẹ́yìn, kí ọjọ́ má baà kọjá lórí rẹ̀. Kì í jẹ́ kí oòrùn yọjú, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ òórùn bíà dìdàkudà. Torí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgò bíà ṣe dúdú díẹ̀. Bí ìgò kan bá bọ́ lọ́wọ́ tó fọ́, ó ní láti kọ ọ́ sínú ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítóò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, tàbí ọmọ ìjọ tí ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún. Kò fi ẹnu kàn án rí. Kò bu ún fún oníbàárà kankan. Kíkà ló ń kà á, títò ló ń tò ó. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ọtí wà lọ́rùn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Hàdíìsì kan wà nínú ìwé Tirmidhi, tó sọ pé Ànábì Muhammad gégùn-ún fún ẹni mẹ́wàá nítorí ọtí. Kì í ṣe ọ̀mùtí àti ọlọ́tí nìkan ló kàn: ó kan ẹni tó fún èso rẹ̀, ẹni tó ń bu ún fún ni, ẹni tó ń jẹ owó rẹ̀, àti ẹni tó rù ú. Ẹni tó rù ú! Bóyá ni ọmọ sítóò kan wà tó lè gbọ́ èyí kí àyà rẹ̀ má já.

Síbẹ̀, Abu Hanifa, onímọ̀ ńlá tó kú ní 767, wo ọ̀rọ̀ alárù lọ́tọ̀. Lójú tirẹ̀, bí Mùsùlùmí bá gba owó láti ru ọtí fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, owó náà tọ́ sí i. Ẹrù rírù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mímu ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó sì mu ún ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ife. Èèyàn tilẹ̀ lè ru ọtí lọ síbi tí wọ́n á ti dà á nù. Abu Yusuf àti Muhammad al-Shaybani, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò tẹ̀ lé e níbẹ̀. Ìlànà Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé, kò gbà á láyè náà.

Ohun kan wà tí ọ̀rọ̀ Abu Hanifa kò yanjú fún ẹni tó wà lẹ́yìn báà. Alárù tó gbé ẹrù kọjá lẹ́ẹ̀kan lè sọ pé òun ò mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń ka ìgò lálaalẹ́ ńkọ́? Ìwé Jòhánù orí kejì sọ pé níbi ìgbéyàwó Kánà, nígbà tí omi inú ìkòkò òkúta mẹ́fà di wáìnì, olórí àsè kò mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ tó bu omi náà mọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ló máa ń mọ̀. Ọmọ sítóò mọ iye kéréètì tó ń jáde lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé. Ó mọ bàbá tó ń fi owó ilé-ìwé ọmọ mutí. Ìmọ̀ yẹn wúwo ju kéréètì lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn olórìṣà gbé e gbà. Ẹmu ló kun Ọbàtálá lójú nígbà tó ń bọ̀ wá dá ilé ayé, títí di òní ni àwọn ọmọ Ọ̀rìṣà Ńlá kì í mu ẹmu. Ẹmu kan náà ni Ògún ń gbà. Kò sẹ́ni tó gégùn-ún fún adẹ́mu, torí ọrùn ẹni tó ni èèwọ̀ ni èèwọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n nínú ẹni mẹ́wàá inú hàdíìsì yẹn, ẹnì kan wà tí ìwàásù kì í sábà kàn: ẹni tó ń jẹ owó rẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson ń pariwo lórí jíìnì tí wọ́n ń kó wọ ilẹ̀ wa, owó ibodè orí ọtí yẹn ni apá ńlá nínú owó tí ìjọba amúnisìn fi ń ṣàkóso Gúúsù Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá 2020, àjọ Hisbah, tó ń ṣọ́ òfin Ṣàríà ní ìpínlẹ̀ Kánò, fọ́ ìgò bíà tó súnmọ́ 2,000,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Nyesom Wike, gómìnà Rivers nígbà náà, béèrè pé kí ló dé tí Kánò ń fọ́ ọtí tó sì ń gba ìpín nínú owó orí ọjà (VAT) tó ń wá látorí ọtí. Ìjà owó ni Wike ń jà, síbẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì nínú ẹ̀sìn. Ilé iṣẹ́ bíà Nigerian Breweries, tí ìgò Star àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní Èkó ní 1949, ń ta ìpín rẹ̀ fún aráàlú. Ẹni tó ra ìpín yẹn lè jókòó sí sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí tàbí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní nǹkan kan.

Ìyẹn ni kò dára. Bí a bá máa wọn ẹrù yìí, ó yẹ kí á wo ohun tí èèyàn mọ̀, ohun tó ń rí jẹ níbẹ̀, àti bóyá ọ̀nà àbáyọ wà fún un. Ọmọ sítóò mọ púpọ̀, lóòótọ́, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló kéré jù nínú owó tó ń wọlé, iṣẹ́ mìíràn sì ṣọ̀wọ́n. Àáfà tó bá ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Nínú Kùránì, Súúrà Tawbah ẹsẹ 60 ti ka àwọn tí sàká tọ́ sí, aláìní àti ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn sì wà nínú wọn. Mọ́sálásí tó bá ń gba sàká lè san owó ilé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn, ìjọ tó ń gba ìdámẹ́wàá sì lè ṣe bákan náà fún tirẹ̀, kí wọ́n tó tún gun orí àga ìwàásù lórí ọ̀rọ̀ ọtí.