Ènìyàn Búburú Inú Ìwé

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, a ti bi wá léèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Ìlú-Àbò níhìn-ín pé, èrè wo ni ó wà nínú kíka ìwé tí àwọn oníwà búburú kún inú rẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ohun tí ọmọdé bá ń kà ni yóò máa rò.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 títí di 1930, bí ẹni pé obìnrin kan tí ó ti ṣe aṣẹ́wó, tí àìsàn sì dá dùbúlẹ̀, ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè ní tòótọ́. Nínú ìtàn náà obìnrin ń tan ọkùnrin jẹ, ọkùnrin sì ń tan obìnrin jẹ.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Sẹ̀gilọlá ni ó mú wa kórìíra rẹ̀ jù. Bí ó ti ń sunkún ìrònúpìwàdà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ẹwà ìgbà èwe rẹ̀ yangàn. A pa ìwé náà dé pẹ̀lú ìbínú.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, bí a ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa nípa olè jíjà, a sọ bí àwa pẹ̀lú ti jí ìrèké nínú oko olóko nígbà èwe wa. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín; inú wa dùn, a sì fi díẹ̀ kún ìtàn náà. Nígbà náà ni a rántí Sẹ̀gilọlá, ojú sì tì wá.

Dáfídì ọba bínú gidigidi sí ọlọ́rọ̀ tí ó gba ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, kí Nátánì tó fi hàn án pé òun fúnra rẹ̀ ni. Bí ó bá ṣe pé ẹni rere ni ọlọ́rọ̀ náà, Dáfídì ì bá gbọ́ ìtàn tán, ì bá sì lọ sùn.

Àwọn kan yóò wí pé ọmọdé lè kọ́ ìwàkíwà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe fi í lé ọmọ kékeré lọ́wọ́; bí ọmọ bá sì dàgbà tó, kí wọ́n jọ kà á. Kí ó má ṣe bi í pé, “Ta ni o fẹ́ràn nínú ìtàn yìí?” Kí ó bi í pé, “Níbo ni o ti bínú jù?” Ibẹ̀ gan-an ni kí olúkúlùkù, àti olùkọ́ àti ọmọ, ti kọ́kọ́ wá ojú ara rẹ̀.