Omi, Mànàmáná àti Iṣẹ́ Ọlọ́hun

  

Àwọn ọmọ wa ń ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "Bàbá, tíṣà ní inú omi ni ohun ẹlẹ́mìí ti ṣẹ̀ fúnra rẹ̀." Òbí kan á na ọmọ, òmíràn á ní kò gbọdọ̀ lọ ilé ìwé mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó.

Ní ọdún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Stanley Miller, ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ olùkọ́ rẹ̀ Harold Urey, bu omi sínú ìgò, ó sì fi afẹ́fẹ́ methane, ammonia àti hydrogen kún un. Ó ń se omi náà, ó sì ń ta iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì sínú afẹ́fẹ́ náà bí ìgbà tí mànàmáná bá ń kọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, omi náà pọ́n. Wọ́n bá amino acid nínú rẹ̀, èyí tí purotéènì ara wa ti ń wá. Ní ọdún 1969, òkúta kan já láti sánmọ̀ sí Murchison ní Ọsirélíà. Wọ́n bá irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú òun náà.

Ẹ̀yin ìyá alákàrà, bí ẹ̀wà, epo, iyọ̀ àti alùbọ́sà bá pé sí ìdí àdògán, ṣé àkàrà ti dé nìyẹn? Èròjà ni Miller rí, kò rí ẹ̀mí.

Ṣùgbọ́n kí a má fi èyí yangàn. Ẹni tí ó gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lé ohun tí àwọn onímọ̀ kò tíì lè ṣe, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò wó. Ta ni ó dá omi? Ta ni ó fún èròjà ní ìwà tí wọ́n fi ń so mọ́ra? Ọlọ́hun ti fi yé wa nínú Súrátùl Ánbíyáì pé láti ara omi ni Òun ti ṣe gbogbo ohun abẹ̀mí. Onímọ̀ ń wá bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwa mọ Ẹni tí ó ṣe é.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ ilé ìwé láàárọ̀, kí ó wá sí ilé kéú nírọ̀lẹ́. Bí ó bá béèrè, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Ọmọ tí a na nítorí ìbéèrè kò ní yé béèrè. Ẹlòmíràn ni yóò lọ bi. Ní ìdálẹ̀ tí a wà yìí, ìmọ̀ ni ogún tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wọn.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.