Ọkọ̀ tí Ó di Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá jí ní ìdájí, tí ẹ sì gba ẹsẹ̀ Gbọ̀ngàn Mápó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba kí àwọn ọlọ́jà tó pàtẹ, ẹ ó rí ohun kan tí ojú ọ̀sán kì í fi hàn wá. Láàárín àwọn bọ́ọ̀sì akérò tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ lè rí ọ̀kan tí a fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀. Láìpẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí, ọkùnrin kan yóò sì jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu àti kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Yóò bọ́jú, yóò nura, yóò sì fi aṣọ ìnura rẹ̀ kọ́ ara dígí ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ náà ni ẹní tí a ká wà, pẹ̀lú ìkòkò kan, sítóòfù kékeré, àti ṣẹ́ẹ̀tì kan tí a fi kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Ẹ má ṣe rò pé ó tètè jáde láti wá èrò ni. Ibẹ̀ ni ó sùn mọ́jú, ibẹ̀ náà ni yóò sì sùn lálẹ́.

Oríṣiríṣi nǹkan ni ó ń sọ ọkọ̀ di ilé fún ènìyàn. Ẹlòmíràn ní iyàrá ní ẹ̀yìn odi ìlú, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ sùn níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti gba iwájú rẹ̀ ní ìdíkọ̀ kí ó tó dé. Ẹlòmíràn ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ lọ́wọ́ olè. Àwọn mìíràn kò ní iyàrá rárá, nítorí pé onílé ń bèèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú owó àdéhùn àti owó ẹni tí ó bá wọn wá ilé. Ní Àpápá ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún 2018 àti 2019, nígbà tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ ti sọ ọ̀nà èbúté di ohun ẹ̀rù, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú títì, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n sì ń sùn sí ìdí ọkọ̀ wọn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ẹni tí ó sùn nínú ọkọ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà lọ́wọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹni tí ó sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì?

Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Bẹ́yẹrúnká, bọ́ọ̀sì kan máa ń sùn sí ẹ̀bá ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa lálaalẹ́, awakọ̀ rẹ̀ a sì máa sùn sínú rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ gbé ní ilé kan ní àdúgbò náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa péjọ, olúkúlùkù sì ń bi ara rẹ̀ pé ta ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu pé, “Ṣé ẹ kò rí ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn ni?” N kò rí i kí ó gbé nǹkan. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ mi wúwo. Mo bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì tún un sọ níbẹ̀. Wọ́n mú ọkùnrin náà. Alẹ́ mẹ́rin ni ó sùn sí àtìmọ́lé. Ní ọjọ́ karùn-ún ni àṣírí tú pé ọmọ ẹ̀gbọ́n onílé fúnra rẹ̀ ni ó gbé jẹnẹrétọ̀ náà tà. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Kí ni ó mú kí ahọ́n mi yá tó bẹ́ẹ̀? Ohun kan ni pé a tọ́ wa láti fi ilé mọ ènìyàn. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Ìbàdàn wa yìí, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, agboolé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní mọ́gàjí tí yóò dáhùn bí ọmọ ilé bá hu ìwà kúwà. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí, nítorí ó ti pa ìlú mọ́ kí àwọn ọlọ́pàá tó dé. Ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí á rò pé ẹni tí kò ní agboolé kò ní ẹni tí yóò dúró fún un, àti pé ẹni tí kò ní onídùúró ti jẹ̀bi ná. A gbàgbé ìtàn ara wa. Bùdó ogun ni Ìbàdàn yìí ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀ dó síbẹ̀. Ìtàn tí ó ṣáájú èyí sì sọ pé nígbà tí ogun fọ́ ìlú Lágelú, orí òkè ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù sá lọ, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ. Ta ni ìbá bèèrè agboolé lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ náà?

Òfin tí ń fi ìyà jẹ ẹni tí ń rìn káàkiri láìní ilé kò ti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1824 fún àwọn aláìnílé ilẹ̀ wọn, ìjọba amúnisìn sì kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tiwa, ní ìpín 249 àti 250. Ní ọdún 1989, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin pé kí a má ṣe fi ẹ̀sùn rírìn gbéregbère kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Áfíríkà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí ó wà ní Arusha, sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà mu, nítorí pé ipò tí ènìyàn wà ni ó ń bá wí, kì í ṣe ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n òfin a máa kúrò nínú ìwé kí ó má tíì kúrò lọ́kàn àwa ènìyàn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ kan fagi lé òfin ìlú Los Angeles ní ọdún 2014, èyí tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọkọ̀ ṣe ibùgbé, nítorí pé kò yé ẹnikẹ́ni ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé ìlú Grants Pass lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá pàgọ́ sùn sí ìta gbangba. Adájọ́ mẹ́fà fara mọ́ ọn, àwọn mẹ́ta kò gbà.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ni ó yẹ kí n rántí ní ọjọ́ náà, nítorí pé mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìpín 35 sọ pé bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí a ti mú ènìyàn, kí a gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Láti Bẹẹrẹ dé ilé ẹjọ́ Ìyágankú kò tó kìlómítà mẹ́wàá. Ìpín 37 ń dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ti ilé rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ ìlú fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó kan ilé. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyẹn: ara ènìyàn ni ẹ̀tọ́ lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹnìkan lè wí pé, ṣé kí ọlọ́pàá wá di ojú rẹ̀ ni? Rárá o. Àwọn ọlọ́ṣà ń lo ọkọ̀, àwọn ajínigbé ń lo ọkọ̀, ọlọ́pàá tí ó bá sì kọjá lára bọ́ọ̀sì tí ó dúró sínú òkùnkùn láì bèèrè nǹkan kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó kan fèrèsé. Kí ó bèèrè orúkọ àti ìwé ọkọ̀, kí ó sì bi alákàrà ìtòsí léèrè bí ó bá mọ ọkùnrin náà. Bí ọkọ̀ bá dí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, kí ó ní kí ó gbé e kúrò. Awakọ̀ náà kò gbọdọ̀ tọ̀ sí ara ògiri ẹlòmíràn, ó sì yẹ kí ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìbéèrè kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí ó burú ni kí á ti dá ẹjọ́ kí á tó bèèrè.

Ohun kan ṣì kù tí n kò tíì sọ, òun ni ó sì ṣòro fún mi jù. Omi tí ọkùnrin náà fi ń wẹ̀ máa ń ṣàn wọ ọgbà wa láràárọ̀, ó sì ń bí mi nínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kí ó kúrò níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti lọ bá a, kí n sọ fún un bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Nígbà tí ọ̀ràn jẹnẹrétọ̀ dé, mo fi ọ̀rọ̀ olè bo ọ̀rọ̀ omi mọ́lẹ̀, mo sì jẹ́ kí ọlọ́pàá bá mi ṣe ohun tí ẹnu mi kò lè sọ.

Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ká ẹní rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìyàwó òun àti àwọn ọmọ wà ní ilé ìyá ìyàwó òun láti ìgbà tí onílé ti fi owó kún owó ilé. Ó wá wò mí, ó ní, “Ọ̀gá, oṣù mẹ́jọ ni ẹ fi ń rí mi níbí. Mo ń kí yín láràárọ̀. Nígbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, ‘ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì’ ni ẹ pè mí.” N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó sì lọ. Ó ti yà sí ọ̀nà Ọjà'ba kí n tó rántí pé n kò tíì bèèrè orúkọ rẹ̀. Òkúta méjì tí ó fi ń ti táyà wà ní ẹ̀bá ọgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì.