Ta Ni Yóò San Gbèsè Ìlú?

Láyé àtijọ́, bí baálé kan bá yáwó fi ṣe òkú, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Baba ni ó ná owó. Ọmọ ni ó ń ro oko. Èlé lásán sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè náà kò dín. Àṣà yìí ti kọjá, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní tòótọ́ bí?

Láti 1979 sí 1983, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti ti àwọn ìpínlẹ̀ yáwó púpọ̀ lókèèrè. Ẹgbẹ́ òṣèlú ń fẹ́ fi iṣẹ́ ńlá han olùdìbò láìbu owó orí lé e. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀. Èlé gun orí èlé. Ní 2005, àwọn ìjọba ayánilówó tí à ń pè ní Paris Club gbà láti fi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, ṣùgbọ́n a san nǹkan bí bílíọ̀nù 12 kí ọrùn wa tó bọ́ ní 2006. A kò tí ì bí púpọ̀ nínú àwọn tí ó ru ẹrù náà nígbà tí a yáwó.

Kì í ṣe gbogbo gbèsè ni ó burú: afárá tí ọmọ wa yóò gbà kọjá, ó tọ́ kí ó bá wa san nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a fi wá ìbò, ìwọ̀fà ni ó ń sọ ọmọ dà. Àwa tí a pàtẹ́wọ́ tí a kò sì béèrè, àwa náà ni baálé yẹn.