Àdán, Òòbẹ̀ àti Bisikíìtì Jínjà

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìyọ̀ǹda yìí ní ààlà: kí a wá àdán ná, kí ohun tí a ó sì fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ẹbí rẹ̀. Mo gbà pé òfin yìí kan ẹni tó ń ṣe bisikíìtì jínjà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn bó ti kan abọrẹ̀. Gluten inú àlìkámà máa ń ba ìfun ẹni tó ní àìsàn celiac jẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun fà. Búrẹ́dì nílò fífà yẹn kó tó lè wú dáadáa. Bisikíìtì kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ìyẹ̀fun gbáàgúdá tí kò kan, ẹyin tí yóò so ó pọ̀, àti oyin dípò omi ṣúgà dúdú tó ṣọ̀wọ́n lọ́jà, yóò ṣe iṣẹ́ náà. Jínjà nìkan ni kò ṣeé pààrọ̀, torí adùn rẹ̀ la fi mọ oúnjẹ náà. Ẹni tó bá pe gbáàgúdá ní ayédèrú kò rántí pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ti ń wá.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀sìn kò gba irú òmìnira yìí, ẹ̀rí wọn sì lágbára. Ìjọ Àgùdà sọ ọ́ ní 2003, wọ́n tún un sọ ní 2017, pé búrẹ́dì tí kò ní gluten rárá kò ṣeé lò fún Oúnjẹ Olúwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ní díẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀: ohun tí Jésù fúnra rẹ̀ ṣe nídìí tábìlì ni wọ́n ń pa mọ́. Ìjọ kan náà sì gba aláìsàn láàyè láti gba wáìnì nìkan. Bákan náà ni ní Èjìgbò, iyán ni oúnjẹ Òrìṣà Ògìyán; nígbà tí iṣu wà lọ́jà, kò sídìí láti gbé fùfú síwájú rẹ̀. Májẹ̀mú ló de ọwọ́ níbẹ̀. Kò sí májẹ̀mú kankan láàárín wa àti àlìkámà inú bisikíìtì, ẹ̀mí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ló yẹ ká rò.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò ní gbà: kí a fi òòbẹ̀ hàn ká pè é ní àdán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bisikíìtì, ẹ sọ irú ìyẹ̀fun tó wà nínú rẹ̀ fún oníbàárà, ẹ sì sọ fún un bóyá ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́ ń lọ àlìkámà pẹ̀lú.